Ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀ màmá yín: ọṣẹ àti omi ṣe pàtàkì lẹ́yìn oògùn aràn

Ẹ bèèrè ìdí tí ẹsẹ̀ màmá yín ṣì fi wú lẹ́yìn oògùn aràn tí ìjọba ń pín. Oògùn ò kùnà o. Èmi náà ní jàbùtẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì ti pẹ́.

Àwọn ọmọ aràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ivermectin àti albendazole, oògùn tí ìjọba ń pín yẹn, ń pa jù, kí ẹ̀fọn má baà gbé wọn fún ẹlòmíràn. Inú iṣan omi ara ni àgbà aràn ń gbé, ó lè lo ọdún 6 sí 8 níbẹ̀. Iṣan tí aràn bá ti bà jẹ́, oògùn kì í tún un ṣe.

Lójoojúmọ́ ni omi ń jò láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran ara. Èyí tí kò bá padà, bíi lítà 3, iṣan wọ̀nyí ló ń kó o gòkè dé ìsàlẹ̀ ọrùn, kó tó tún wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn kì í tì í. Bí a bá ń rìn ni ẹran ẹsẹ̀ ń fún un gòkè. Lójú ọ̀nà, ó ń gba inú àwọn kókó abẹ́ ìtan, abíyá àti ọrùn kọjá. Bí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n rí: ẹ̀jẹ̀ funfun, ọmọ ogun ara, ló ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀ (àwọn wọ̀nyí ò sì gba rìbá). Ìdí nìyẹn tí egbò ẹsẹ̀ fi ń mú kókó yọ lábẹ́ ìtan.

Bí ọ̀nà bá ti dí, kòkòrò àrùn tó gba ojú egbò kékeré wọlé á ráyè. Ibà òjijì, òtútù, ẹsẹ̀ gbígbóná! Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tóbi sí i. Òun ni mo ń bẹ̀rù ju aràn lọ.

Ọṣẹ àti omi tútù, láàárọ̀ àti lálẹ́. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ mójú tó jù, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá. Látìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibà náà ti jìnnà sí mi. Kí màmá yín gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n sì máa mi ọrùn ẹsẹ̀. Bí ibà bá dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tó ní oògùn ìkà ni màmá yín tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí fún kòkòrò. Tógò ò lo gbẹ́rẹ́ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní 2017 pé wọ́n ti borí àrùn yìí.

Ti bọ̀dá yín tó ní ìpá (aràn yìí náà lè fà á), ẹ mú wọn lọ bá dókítà. Bó bá jẹ́ omi ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ lè tán an.