Ẹsẹ̀ òsì ló ń dá ọ dúró

Àbúrò, o ní ọjọ́ ti pẹ́ tí o ti ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, o wá ra pẹ́dà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí à ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ láti gbá bàs (ìlù ńlá tó wà nílẹ̀), torí heavy metal, orin rọ́ọ̀kì tó le, ṣùgbọ́n tí ìlù bá ti yá, iwájú ojúgun á máa ta ọ́, ẹsẹ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Agbára kọ́ ló kù. Ẹsẹ̀ òsì rẹ ni kò tíì kọ́ṣẹ́, ìjókòó rẹ náà ò sì ràn án lọ́wọ́.

Àga rọ́bà ti lọ sílẹ̀ jù. Gbé ìjókòó sókè títí ìbàdí á fi ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Tẹ́ rọ́ọ̀gì sábẹ́ bàs, torí orí táìlì, bàs á máa yọ̀ lọ síwájú, ìwọ á sì máa na ẹsẹ̀ lé e.

Kí o tó dá ẹsẹ̀ lẹ́bi, yẹ irin tó so pẹ́dà méjèèjì pọ̀ wò. Di pẹ́dà ọ̀tún mú, kí o fi ọwọ́ rẹ mi pẹ́dà òsì. Bí irin bá ń yẹ̀ kí òòlù (ọ̀pá tó ń gbá bàs) tó gbéra, ìdè orí rẹ̀ ti tú nìyẹn, òòlù òsì á sì máa pẹ́ dé lójoojúmọ́. Dè é kí o tó lu ohunkóhun. Fi sípíríǹgì sí àárín, kó má le jù, kó má dẹ̀ jù. Lẹ awọ kékeré mọ́ ibi tí òòlù méjèèjì ń bà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú bàs á ya.

Bí ìlù bá wà ní 200, ìyẹn ìró 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí o ń gbá bàs lẹ́ẹ̀mẹrin sí ìró kan, gbígbá 800 ni láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbá 400. Itan ò lè gbé e. Wo ẹni tó ń lu gúdúgúdú l'Ọ́yọ̀ọ́: ọrùn ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, apá rẹ̀ kì í fò. Ọrùn ẹsẹ̀ ni tìrẹ.

Fi metronome orí fóònù, áàpù tó ń dún déédéé láti fi ìwọ̀n ìyára hàn ọ́, sí 80. Lu ẹsẹ̀ òsì nìkan fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ọ̀tún-òsì fún ìṣẹ́jú 2 láì dúró. Gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí o gbọ́ ọ. Bí ti òsì bá rẹlẹ̀, má tíì gùn. Tó bá dọ́gba lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, fi 4 kún un. Láàárín 120 sí 160 ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, torí itan ti rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ò sì tíì mọ iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o pẹ́ sí. Ojúgun tó gbóná tó sì rọlẹ̀ bí o bá sinmi, àárẹ̀ iṣan ni. Èyí tó bá ṣì ń dùn ọ́ lọ́jọ́ kejì, fi pẹ́dà sílẹ̀ títí yóò fi lọ.

Má fojú kéré ẹsẹ̀ òsì yẹn. Rick Allen, onílù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Def Leppard, pàdánù apá òsì rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní December 31, 1984. Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́ láti máa fi ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ń lu ìlù di òní. Síbẹ̀, kò di dandan kí gbogbo orin gba pẹ́dà méjì: ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni onílù Nicko McBrain fi lu ọ̀pọ̀ jùlọ orin ẹgbẹ́ heavy metal Iron Maiden tó bá wọn lù.

Ti owó, mi ò rò pé heavy metal nìkan á bọ́ ọ níbí. Di ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá mú.

Etí ló kàn, òun ló ń ba iṣẹ́ onílù jẹ́ jù. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ariwo 85 dB (dẹ́síbẹ́lì, òṣùwọ̀n ariwo) kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Tó bá di 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìlù òyìnbó nínú yàrá kékeré ń kọjá 100. Òwú ò tó. Ra fóòmù etí ní kẹ́míìsì, lọ́ ọ tẹ́ẹ́rẹ́, fa etí sókè, tì í wọlé, kí o di í mú títí yóò fi wú.