Ẹ Bi Wá: Irin Kan Náà, Ìnira Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń gbé irin lé èjìká, màá lóṣòó, màá dìde, ìgbà 5 léraléra kí n tó sinmi, ìyẹn sẹ́ẹ̀tì kan. Kílò 100 tí mo gbé wẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá fẹ́ẹ̀ tẹ̀ mí pa lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n máa fún ìnira rẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 10. Báwo ni mo ṣe máa mọ máàkì tó tọ́, kí sì ni màá fi ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má wo òógùn, ẹ má wo mímí gúlegúle. Iye ìgbà tó ṣẹ́ kù lára yín ni kí ẹ wò. Tí ẹ kò bá lè gbé ẹyọ kan sí i mọ́, 10 ni. Tó bá ku ẹyọ kan, 9. Tó bá ku méjì, 8. Tó bá ku mẹ́ta, 7. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Tí ẹ bá sinmi tán kí ẹ tó kọ ọ́, á ti fúyẹ́ lójú yín.

Ká ní máàkì 8 ni ètò ọjọ́ náà ní kí ẹ dé. Tí kílò 100 bá já sí 9, ẹ yọ kílò 2.5 fún sẹ́ẹ̀tì tó kù. Tó bá já sí 10, ẹ yọ 5. Ẹ tún lè fi máàkì ṣírò iye tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní kílò 100 já sí 8: ìgbà 5 tí ẹ gbé àti 2 tó kù jẹ́ 7. Ẹ sọ 100 di ìlọ́po 7, ẹ pín in sí 30, ẹ fi èsì rẹ̀ kún 100: nǹkan bíi 123 lẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 9, ìgbà 6 ni, ó di 120. Àbá ni o, kì í ṣe òṣùwọ̀n ọjà. Tí ìgbà bá sì ti ju 10 lọ, kò ṣeé gbára lé.

Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kíkọ 8 nítorí pé 8 ni ètò sọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà sì máa ń rò pé 2 ló kù nígbà tí 4 tàbí 5 ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya ara yín láti ẹ̀gbẹ́: tí ìdìde karùn-ún bá yá bíi ti àkọ́kọ́, kì í ṣe 9 rárá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀rọ tí kò lè já lé yín, ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ẹ lè gbé, kí ẹ wá gbé e títí á fi kọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi?

Ìdáhùn: Ọjọ́, irú eré ìdárayá, kílò, ìgbà, máàkì sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí ẹ sùn, àti ibi tó ń dùn yín bó bá wà. Ó tó. Irin kan náà ni kí ẹ máa fi wéra: tí kílò 100 bá lọ láti 9 sí 7, agbára yín ti lé sí i, bí ẹ kò tilẹ̀ fi kílò kankan kún un. Tí máàkì rẹ̀ bá ń gòkè ní ọjọ́ ìdárayá 3 léraléra, ẹ dín sẹ́ẹ̀tì kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan.