Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Ní Ìbò Àwọn Kò Já Mọ́ Nǹkan Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan níbi tí ìjọba àwa-ara-wa kò tíì pẹ́. Bí a bá pe ìpàdé lórí ìbò, agbára káká la fi ń rí ẹni márùn-ún. Báwo la ṣe máa fà wọ́n wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀ ná. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń bí wọn nínú jù ládùúgbò. Ká ní ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ tó bàjẹ́ ni. Kí àwọn fúnra wọn lọ wá ìwé ètò ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá owó àtúnṣe rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì. Ọ́fíìsì á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí ìkejì, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i, wọ́n á dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn sọnù o! Òun ni wọ́n á mú dání lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí akọ̀wé bá ní òun kò rí lẹ́tà kankan. Mo ti rí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé tó tẹ́ irú bébà bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, tí ohùn akọ̀wé sì yí padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà ni pé ọ̀dọ́ ló ń to àga, àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pinnu ohun tí ìpàdé máa dá lé, kí wọ́n sì mọ iye tó wà lápò ẹgbẹ́. Bí olóṣèlú bá gbé aṣọ tó ya àwòrán ara rẹ̀ sí wá, ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á.

Fún àwọn tó bá fẹ́ du ipò, òfin lè ṣèrànwọ́. Nàìjíríà dín ọjọ́ orí kù ní 2018: 30 di 25 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, 40 di 35 fún ààrẹ. Ó dára, àmọ́ owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú ṣì ń dí wọn lọ́nà. Ti Tùnísíà ló wù mí jù: nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ 2018, òfin ní kí ẹni tí kò ju ọdún 35 lọ wà lára orúkọ 3 àkọ́kọ́ lórí àkójọ orúkọ olùdíje kọ̀ọ̀kan. Àkójọ ni wọ́n dìbò fún nígbà náà, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lókè rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ wọlé.

Ní ti ìbò fúnra rẹ̀, ohun tó sábà máa ń já ọ̀dọ́ kulẹ̀ ni pé ìforúkọsílẹ̀ ti máa ń parí kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ ọdún 16 lè forúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dìgbà tó bá pé 18 kó tó dìbò. Ẹ lọ béèrè ọjọ́ tí tiyín máa parí, kí ẹ sì kó ara yín lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá dá lọ, ìlà gígùn lè lé e padà sílé.