Funfun nìkan kò sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀kì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. À ń gbẹ́ kànga ní Arówómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, la bá kan nǹkan funfun tó rọ̀, tó ń kun ọwọ́. Ẹnìkan ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ni, irú ti ìlú òyìnbó, pé kí n má tíì ta ilẹ̀ náà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lẹ ṣe ń dá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ̀, tí ẹ fi ń sọ ọ́ lórúkọ?

Ìdáhùn: Ẹ bu díẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, yóò hó, ìfófòó á yọ, nítorí calcium carbonate, èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ásíìdì bátìrì dán an wò o.

Mi ò rò pé tiyín máa hó. Òkúta líle àtayébáyé, gíráníìtì àti irú rẹ̀, ló wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Bómi bá ti ń wọ inú rẹ̀ fún àìmọye ọdún, apá kan nínú rẹ̀ á jẹrà, á di amọ̀ funfun tí à ń pè ní kaolin.

Inú òkun ni ṣọ́ọ̀kì ti wá ní tirẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tójú lásán ò lè rí ń léfòó lójú omi, èèpo wẹ́wẹ́ bo ara wọn. Bí wọ́n ti ń kú ni èèpo náà ń rọ̀ sísàlẹ̀ òkun, tó ń gorí ara wọn, títí ó fi di òkúta. Ti etí òkun Dover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 ọdún sẹ́yìn.

Ní ti orúkọ, ìpele òkúta náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ kedere sí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó sì tóbi tó ohun tá a lè yà sórí máàpù. Ibi tó ti hàn jù la sábà máa ń fi pè é. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń pe ṣọ́ọ̀kì ní chalk, Seaford Chalk funfun, ó rọ̀, òkúta flint dúdú sì tò sínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà; Lewes Nodular Chalk tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ le jù ú lọ, ó sì ṣe kókó-kókó. Ìlú ni Seaford, ìlú ni Lewes. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fi orúkọ Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn pe òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Kaolin lọ́jà: wọ́n fi ń ṣe àwo, ọ̀dà àti bébà. Ṣùgbọ́n ihò kànga kan ò lè sọ bó ṣe pọ̀ tó, òfin ọdún 2007 sì ti fi ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kódà bí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín. Nítorí náà, ẹ má torí rẹ̀ dá ọjà ilẹ̀ dúró. Kànga yẹn gan-an ló ká mi lára: amọ̀ funfun máa ń ya lulẹ̀ bó bá rin. Ẹ sọ fún àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kí wọ́n sọ ríìǹgì kọ̀ǹkéré sí i kí wọ́n tó tún wọlẹ̀ sí i.