Ṣé Ẹ́ńjìnì S14 Inú BMW M3 Àtijọ́ Ṣeé Gbọ́kàn Lé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ó ti pẹ́ tí BMW M3 àkọ́kọ́, E30, ti ń wù mí, mo sì ti rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 1988. Ẹni tó fẹ́ tà á ní kò tíì rìn púpọ̀, pé inú gáréèjì ló máa ń wà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán an wò, pé ẹ́ńjìnì ìdíje ni S14 tó wà nínú rẹ̀, á sì sọ mí di onígbèsè. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló máa ń náni lówó jù lára rẹ̀? Ṣé mo sì lè máa gbé e lọ síbi iṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Torí ìdíje ni wọ́n ṣe ṣe é lóòótọ́. Nígbà náà, òfin Group A, ìyẹn ìsọ̀rí ìdíje ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú, ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ díje kọ́kọ́ ṣe 5,000 irú rẹ̀ fún títà láàárín oṣù 12. Paul Rosche, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì ìdíje fún BMW, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú orí ẹ́ńjìnì M88 onísíléńdà mẹ́fà ti BMW, wọ́n gé ibi síléńdà méjì kúrò, wọ́n sì gbé èyí tó kù lé búlọ́ọ̀kù M10, ẹ́ńjìnì onísíléńdà mẹ́rin tí BMW ti ń lò tẹ́lẹ̀. Irin gidi ni búlọ́ọ̀kù yẹn. Òun náà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnì onítọ́bò tí Nelson Piquet fi gba ife-ẹ̀yẹ Formula One ní 1983 kà. Ẹ́ńjìnì tó bá tinú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wá kì í ṣe ẹlẹgẹ́. Èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè rìn kọjá 200,000 kìlómítà kó tó di pé wọ́n ń tú u.

Gbèsè tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, ìtọ́jú tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ kò ṣe ló máa ń bí i. Ẹni tó bá rà á ni yóò sì san án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń ti fáàfù kó lè ṣí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní, ọ́ìlì ló ń bá fáàfù tún àyè rẹ̀ ṣe, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lókè tápẹ́ẹ̀tì. S14 kò ní irú ẹ̀ yẹn. Fáàfù rẹ̀ jẹ́ 16, irin pẹlẹbẹ róbótó kan sì wà lórí tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí mẹkáníìkì tó wọn àyè náà. Tó bá rí èyí tí kò bá ìwọ̀n mu, á fi irinṣẹ́ pàtàkì kan tẹ tápẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, á yọ irin náà, á wọn bó ṣe nípọn tó, á sì wá èyí tó fi díẹ̀ nípọn jù ú tàbí tó fi díẹ̀ fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Irin náà kò wọ́n. Wákàtí tí ọ̀gá náà lò lẹ ń san owó rẹ̀, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.

Ibi tó wá burú sí ni pé ẹ́ńjìnì kì í ké nígbà tí àyè yẹn bá ń pa dé. Ṣe ló máa ń dákẹ́. Fáàfù èéfín tí kò jókòó dáadáa kò ráyè tú ooru ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì jóná. S14 tó ń dún tíkí-tíkí díẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Èyí tó dákẹ́ minimini ni mo máa ń fura sí.

Ṣéènì táímìn, tó ń mú kí fáàfù máa ṣí lásìkò, náà ńkọ́? Tó bá dún ṣákáṣáká fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta iná sí i, ẹ pààrọ̀ ohun tó ń fa ṣéènì le. Tí ariwo náà kò bá lọ, ẹ má wà á rárá. Ṣéènì tó bá fò á jẹ́ kí pístìn pàdé fáàfù, owó tí wọ́n á fi tún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀ sì lè ra odidi ọkọ̀ mìíràn tó dáa.

Omi kò gbọ́dọ̀ tán lára rẹ̀. Síléńdà M10 tó tóbi jù jẹ́ mìlímítà 89 ní fífẹ̀, wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ dé 93.4 kí ẹ́ńjìnì lè di 2302 cc. Ohun tó kù láàárín síléńdà kan sí èkejì tín-ín-rín. Kó gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti búlọ́ọ̀kù, lè lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà omi àti pọ́ǹpù omi, kódà bí wọ́n bá dà bíi tuntun lójú yín.

Ó tún máa ń gbọ̀n, torí síléńdà mẹ́rin ńlá ni, kò sì ní ọ̀pá tó ń pẹ̀tù sí i. Bóòtì máa ń tú díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa ń gbó. Àtúntò ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà kì í gba owó ńlá, sùúrù ló ń gbà.

Ní ti pááàtì, BMW ṣì ń ta díẹ̀ nínú rẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀ka ọkọ̀ àtijọ́ wọn, àwọn kan kò sì sí mọ́ àfi àlòkù. Bí tiyín kì í bá ṣe Evolution II, àkànṣe M3 tó jẹ́ 500 péré tí wọ́n ṣe ní 1988, á rọrùn fún yín díẹ̀. Àwọn tó ni Sport Evolution, àkànṣe M3 mìíràn tó jẹ́ 600 péré, onípístìn ńlá ti 2467 cc, ni mo máa ń káàánú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò ní dùn mọ́ ẹni tó ń tà á: kìlómítà kékeré yẹn kò wú mi lórí. Ọkọ̀ tó dúró fún ọdún gbọọrọ, rọ́bà rẹ̀ á gan, epo inú tánkì á di gọ́ọ̀mù, omi àtijọ́ á máa jẹ irin nínú. Èyí tó ti rìn 180,000 tó ní rísíìtì tápẹ́ẹ̀tì jọ síbì kan ni èmi máa mú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú síléńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fetí sílẹ̀. Bó bá ń jáde ní ẹ́sọ́ọ̀sì, fáàfù èéfín ni. Bó bá gba ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ríìngì pístìn ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ni. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ bá tiyín lọ.

Ní ti ibi iṣẹ́, ó ṣeé gbé lọ bí ọ̀nà bá jìn díẹ̀. Nínú M3, wọ́n yọ aago tó ń sọ bí epo ṣe ń lọ kúrò nísàlẹ̀ aago ìyípo ẹ́ńjìnì, aago ooru ọ́ìlì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi gbéra dáadáa, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Bí ibi iṣẹ́ yín bá wà nítòsí débi pé ẹ ó ti dé kí ọ́ìlì tó gbóná, ẹ fi ọkọ̀ mìíràn lọ.