Longarm kò ní bá ọ ṣiṣẹ́ nígbà tí o bá ń sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń rán aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní quilt fún ara mi àti àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ ra longarm oníkọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń rán quilt, sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa, kí n máa fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Dọ́là 30,000 ni ẹni tó fẹ́ tà á fún mi pè é. Ó ní tí mo bá ti so aṣọ mọ́ ọn tí mo tẹ bọ́tìnì, kí n máa lọ síbi iṣẹ́ tàbí kí n lọ sùn, kí n tó padà dé á ti parí. Ó ní tí mo bá ṣe méjì lójúmọ́, dọ́là 150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní tó oṣù mẹ́rin tí owó ẹ̀rọ á fi wọlé. Ó tún sọ̀rọ̀ ìdílé kan ní Missouri tí irú ẹ̀rọ yìí sọ di olówó. Èwo ni kí n rà nínú àwọn tó wà níta? Adìrẹ ìyá mi tó ti di olóògbé náà wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ ṣeun, mà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mi ò ní sọ èyí tó o máa rà fún ọ lónìí. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, gbólóhùn kan náà ló sì ń wà nínú gbogbo wọn: "tẹ bọ́tìnì, lọ sùn." Ó ń bí mi nínú gan-an pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ta ẹ̀rọ fún ẹni tó ń fi oorun rẹ̀ wá owó ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tí à ń sọ: aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni quilt. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀, òwú pẹlẹbẹ wà láàárín, aṣọ ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀. Longarm ló ń rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra. Lórí máṣíìnì tí télọ̀ ń lò, aṣọ ló ń rìn lábẹ́ abẹ́rẹ́. Lórí longarm, aṣọ ti wé mọ́ ọ̀pá lórí férémù tó máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12, ẹ̀rọ ló ń rìn lórí irin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn láti rán ojú quilt, àmọ́ wọn ò ní ẹ̀rọ yìí nílé, wọn ò sì láyè rẹ̀. Àwọn ló ń gbé iṣẹ́ wá fún wa.

Wàyí o, wo ọ̀fun ẹ̀rọ náà, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú àwọn tó wọ́pọ̀, íńṣì 18 sí 30 ni. Aṣọ tó ti rán tó ń wé mọ́ ọ̀pá á tún gbà lára àyè yẹn, bó ṣe ń ki sí i ni àyè ń dín sí i. Tí ọ̀fun tìrẹ bá jẹ́ íńṣì 24, bí íńṣì 16 tàbí 18 ló máa rí rán lẹ́ẹ̀kan. Quilt tó máa bo bẹ́ẹ̀dì Queen dáadáa sì lè gùn tó íńṣì 100. Tí ẹ̀rọ bá rán ibi tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó dúró nìyẹn. Ìwọ lo máa tú kílíìpù ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ìwọ lo máa yí ọ̀pá, ìwọ lo máa ki ọwọ́ sábẹ́ kó o fi na aṣọ ẹ̀yìn kó má bàa ká, ìwọ lo máa so kílíìpù padà, ìwọ lo sì máa mú àwòrán ìlà tuntun bá ti àtẹ̀yìnwá mu kó o tó tún tẹ bọ́tìnì. Bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́wàá lo máa ṣe èyí lórí quilt kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀rọ kan ní mọ́tò tó ń yí ọ̀pá, ìyẹn ò ní kó o má dúró tì í. Báwo ni ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù ọsibítù láàárín òru ṣe fẹ́ yí ọ̀pá ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀?

Bọ́bìnì tí òwú ìsàlẹ̀ ń ti ara rẹ̀ jáde náà ń kọ́? Èyí tí à ń lò tóbi ju ti máṣíìnì ilé lọ, síbẹ̀ á tán lọ́pọ̀ ìgbà kí quilt ńlá kan tó parí. Tó bá tán láìjẹ́ pé ẹ̀rọ tètè mọ̀, abẹ́rẹ́ á kàn máa lu ihò sára aṣọ oníbàárà, kò ní rán nǹkan kan.

Èyí tó burú jù ni pé kọ̀ǹpútà yẹn kò ríran. Àwòrán tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló mọ̀, kò mọ aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ojú ìrán kan ti là, kò mọ̀ bóyá aṣọ ká sókè, kò mọ̀ bóyá ẹnì kan gbàgbé píìnì síbẹ̀.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà mi kan gbé quilt tó fi ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti kú rán wá fún mi. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà búlúù ni púpọ̀ nínú wọn, ó sì fi àpò àyà ọ̀kan sílẹ̀ láàárín, kò tú u. Mo ti rán ìlà mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Mo ní kí n sáré gòkè lọ ro àmàlà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí àtẹ̀gùn ni mo wà tí mo ti gbọ́ pé ohùn ẹ̀rọ ti yí padà: kò dún "tatatata" mọ́, ó ń dún "gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀." Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti wọ ẹnu àpò yẹn, ó gbé e sókè, ó ká a ní ìlọ́po méjì, ó wá ń rán an mọ́lẹ̀ lórí ara rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, òdòdó tó ń yà pé pérépéré.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u. Ojú abẹ́rẹ́ 10 sí 12 la sábà máa ń rán sínú íńṣì kan; íńṣì 100 péré, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan ojú abẹ́rẹ́ tó o máa fi abẹ ìtúṣọ tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì náà ti gbó, àwọn ihò kan kò pa dé. Mo pe obìnrin náà, mo sọ òótọ́ fún un, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ lọ ilé ìtọ̀, mo ń dá ẹ̀rọ dúró.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àsọdùn ni mò ń sọ, wá sí Houston nígbà ìwọ́wé, tí wọ́n bá ń ṣe ìpàtẹ quilt tí wọ́n ń pè ní International Quilt Festival ní George R. Brown Convention Center. Dúró síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi hàn. Aṣọ odindi tí kò ní ojú ìrán kankan ni mo sábà máa ń rí lórí wọn, kò sí ibi tí ẹ̀rọ máa ti kọsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka iye ìgbà tí ẹni tó ń fi hàn fọwọ́ kan aṣọ náà.

Quilt tí wọ́n máa gbé wá bá ọ kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìgbátí, ìyẹn aṣọ gbọọrọ mẹ́rin tí wọ́n fi yí quilt ká, ló ń dà wá láàmú jù. Ọ̀pọ̀ kì í wọn nǹkan kan. Wọ́n á mú aṣọ gígùn, wọ́n á máa rán an lọ létí quilt, tó bá dé òpin wọ́n á gé èyí tó ṣẹ́kù. Etí quilt ti nà nígbà tí wọ́n ń rán an, ìgbátí náà á nà, ó wá gùn ju àárín lọ. Tó o bá gbé e sórí férémù, àárín á tẹ́ pẹrẹsẹ, etí á máa wú bí aṣọ tí atẹ́gùn wọ̀. Ẹnì kan á sì ti sọ fún oníbàárà náà pé ẹ̀rọ á bá a tẹ́ ẹ. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ò lè gé aṣọ kù. Ó máa rán àpọ̀jù yẹn mọ́lẹ̀ ni, á wá di ìṣẹ́po títí ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ojú quilt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn quilt yín gba àárín kọjá níbi mẹ́ta, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in, iye yẹn ni kí ẹ gé ìgbátí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí. Ẹ fi píìnì mú un kí ẹ tó rán an. Aṣọ ẹ̀yìn náà, ẹ jẹ́ kó fi íńṣì 4 yọ ju ojú quilt lọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ni a ń so kílíìpù mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó. Ìṣirò ẹni yẹn kò burú: dọ́là 30,000 tí a fi 150 pín jẹ́ 200 quilt, tó o bá ń rán méjì lójúmọ́, ọjọ́ 100 ni. Àmọ́ níbo ni méjì lójúmọ́ ti fẹ́ wá? Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe jù ni àwòrán kan náà láti etí dé etí, níbi tí mo wà, sẹ́ǹtì 2 sí 3 la sì ń gbà lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan. Quilt tó fẹ̀ ní íńṣì 60 tó gùn ní 80 jẹ́ íńṣì 4,800. Ní sẹ́ǹtì 2, dọ́là 96 nìyẹn. Kó o gba àlejò, kó o wọn ọ́n, kó o lọ̀ ọ́, kó o ré òwú tó ń ta jáde, kó o so ó mọ́ ọ̀pá, kó o rán an, kó o tú u sílẹ̀, wákàtí márùn-ún ti lọ. Ní dọ́là 96, quilt 313 lo máa rán kí owó ẹ̀rọ nìkan tó pé. Tó bá jẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọdún méjì ni, a ò tíì ka òwú, abẹ́rẹ́, iná àti owó orí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sì í rí mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ìdílé Missouri yẹn, Missouri Star Quilt Company ní ìlú Hamilton ni. Òótọ́ ni pé longarm ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń tà àti ẹ̀kọ́ tí Jenny Doan, ìyá inú ìdílé náà, ń kọ́ àwọn èèyàn lórí YouTube ló sọ wọ́n di ńlá. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ lo fẹ́ ṣí àbí ìránṣọ?

Mi ò ní kó o má ṣe é o. Iṣẹ́ yìí ló rán ọmọ mi kan lọ sí yunifásítì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Wá ṣọ́ọ̀bù quilt tó ń kọ́ èèyàn ní longarm tó sì ń yá a ní wákàtí-wákàtí, wọ́n pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Fi quilt 20 tìrẹ kọ́ ọwọ́, kó o sì kọ́kọ́ lo èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé ìwọ lo máa di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, tó o máa fi iná léésà tọ ìlà àwòrán tó wà lórí ìwé. Ọwọ́ rẹ á mọ ìgbà tí aṣọ ń wú, etí rẹ á mọ ìgbà tí òwú fẹ́ já. Tó o bá wá fẹ́ rà, tokunbo tó dára wà. Kọ́kọ́ bi wọ́n pé níbo ni ẹni tó ń tún un ṣe wà. Wọn yàrá yẹn: férémù, àti àyè tó o máa gbà rìn níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á máa dá yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rántí pé irin gígùn yẹn ní láti gba àtẹ̀gùn kọjá.

Pe àwọn ìnṣọ́ránsì ilé rẹ kó o tó gba quilt ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ilé kì í kó ẹrù oníbàárà mọ́ra, tí páìpù bá bẹ́ ní yàrá ìsàlẹ̀, ìwọ lo máa san án. Òfin owó orí àti ti ṣíṣòwò nínú ilé yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, télọ̀ ni mí, mi ò kí ń ṣe lọ́yà, akáńtáǹtì Maryland ni kó o bi. Kọ àbùkù tó o bá bá lára quilt sílẹ̀, kí oníbàárà fọwọ́ sí i kó tó lọ. Kó o sì ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa tó o bá ń dín ata: òórùn ata díndín máa ń wọ òwú, kì í sì í tètè lọ.

Adìrẹ ìyá rẹ, má fi kọ́ṣẹ́. Mo bẹ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ aró ìbílẹ̀, ó ṣì lè máa yí sára òwú funfun àti sára ọ̀pá ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀kọ á wà lára rẹ̀. Mú aṣọ funfun tútù, fi nu igun kan níbi tí kò hàn síta, kó o wo ohun tó bá jáde. Tó bá yí, fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́ díẹ̀, láìgé e. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣí, mi ò rí aṣọ náà. Lẹ́yìn náà, ká a sínú ìrọ̀rí funfun, kó o gbé e síbi tí oòrùn ò dé, kó wà níbẹ̀ títí o fi máa rán quilt 20 yẹn tán.