Ẹ má tíì ra bọ́ọ̀lù oníwúwo fún ọmọ ọdún 12

Àǹtí, ẹ béèrè bóyá bọ́ọ̀lù oníwúwo (bọ́ọ̀lù baseball tó wúwo ju ti eré lọ, tí wọ́n fi ń kọ́ jíjù) tí kóòṣì baseball ní kí ẹ rà fún ọmọ yín ọkùnrin lè mú kí ọwọ́ rẹ̀ yá sí i kí ìdánwò ẹgbẹ́ tuntun tó dé. Ó lè mú un yá. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a) ọmọ ọdún 13 sí 18 ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 6: iyára bọ́ọ̀lù wọn lé díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló fara pa. Àwọn kóòṣì kì í sọ apá kejì yẹn. Ẹ̀rọ tó ń wọn iyára bọ́ọ̀lù ti gbà wọ́n lọ́kàn.

Ìgúnpá lọ̀ràn wà. Egungun kékeré tó yọ síta lápá inú ìgúnpá kò tíì lẹ̀ mọ́ egungun apá ní ọjọ́ orí yìí. Kèrékèré ló so wọ́n pọ̀, ó sì lè tó ọdún 15 sí 17 kí wọ́n tó di ọ̀kan. Bí àgbàlagbà bá lo ọwọ́ lálòjù, iṣan ló máa ń já; tọmọdé, kèrékèré yẹn ló máa ń ṣí. Wẹ́rẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ máa dùn ún lẹ́yìn eré nìkan, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti lọ. Lẹ́yìn náà á máa dùn ún láàárín eré. Nígbà tó bá yá, kò ní lè na ọwọ́ tán. Ara ríro lásán máa ń wà nínú ẹran apá, ó sì ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ti egungun ni èyí tí ọmọ lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Bó bá já ọwọ́ gbà, kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun mọ́. Ẹ má sì fún un ní ibuprofen kó lè parí eré, torí á kàn bo ìrora náà mọ́lẹ̀ ni.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya X-ray ìgúnpá méjèèjì, kí wọ́n fi wéra. Dókítà míì á wo ẹyọ kan, á ní "ó kàn ń dàgbà ni", á ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 láìju nǹkan kan, kó tó padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìsinmi àbọ̀ ló ń dá a padà.

Ní ti iyára, ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ti ń wá. Kó sáré, kí ara rẹ̀ gbóná kó tó mú bọ́ọ̀lù. Ìbàdí ló ń kọ́kọ́ yí, èjìká á tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ti balẹ̀, kí ìgúnpá wà ní ìwọ̀n èjìká. Ìyẹn, kóòṣì gidi mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó ṣe squat (kó lóṣòó, kó dìde) àti plank (kó fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró gbọọrọ), kó sì fi ọwọ́ méjèèjì sọ medicine ball (bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n fi ń ṣe eré ìmárale) pọ́n-ùn 2 sí 4 mọ́ ògiri láti ìhà, 8 lápá kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi okùn rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un: ìgúnpá lẹ́bàá ìhà, kó yí ọwọ́ síta, 15 lẹ́ẹ̀mejì. Iṣan ẹ̀yìn èjìká ló ń kó ọwọ́ níjàánu lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò.

Pitch Smart, ìlànà baseball Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ọwọ́ àwọn ọmọ, ní kí pitcher ọmọ ọdún 11 àti 12 má ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 85 lọ lóòjọ́. Bó bá ti jù ú tó ìgbà 66, ọjọ́ 4 ni ìsinmi. Lọ́dọọdún, kó yẹra fún jíjù fún oṣù 4, kí 2 ó kéré tán tẹ̀ léra. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje kò ní bá yín ka èyí tó jù ní ẹgbẹ́ kejì o. Ẹ mú ìwé kékeré dání, ẹ kọ tìdánrawò náà sí i. Bí wọ́n bá ní kó lọ ṣe catcher (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí pitcher jù) lọ́jọ́ tó ti ṣe pitcher, ẹ kọ̀ ọ́. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí catcher bá mú, ó gbọ́dọ̀ jù ú padà.